Orúkọ Tí Ìbídùn Gbé Mì ní Ṣikágò

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fà mọ́ra lábẹ́ igi odán yìí kí oòrùn má baà pa yín. Ẹni tí ó ní ẹ̀kọ lọ́wọ́, kí ó jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí ikọ́ ń gbọ̀n lọ́fun, kí ó wú u báyìí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí, bí a bá já a láàárín, kì í ṣeé so mọ́. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Àkàngbé, tí mo lo ọjọ́ ayé mi nínú igbó tí àwọn ẹlòmíràn ń fi àdúrà gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá. Mo ti bá iwin olórí mẹ́ta yá iná ẹyọ kan. Mo ti sùn sí ẹnu ihò erè, tí erè náà ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi kí ó tó jáde. Bí mo bá ń sọ èyí, kì í ṣe ìgbéraga; òtítọ́ ni mo fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi, ìbá sì wù mí kí ó jẹ́ tèmi, nítorí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú igbó, kò sí èyí tó wúwo tó o.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi bẹ̀ yín. Bí ẹnìkan bá wà láàárín yín tí ó wà níbi ìsìnkú ọmọ Ọdẹ́tọ́lá ní Ìgànná, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu erùpẹ̀ sí sàréè náà, kí ó jọ̀wọ́ dìde, kí ó máa lọ sílé. N kò lé e. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ wá yé yín. Èmi kò sí nílé lọ́jọ́ náà, inú igbó ni mo wà, ìyẹn ni ẹnu mi fi lè gbé orúkọ náà láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

Kò sí ẹni tó dìde. Ó dára, mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọdẹ́tọ́lá yìí, ọdẹ bí èmi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn tirẹ̀ kì í tètè gbọ́ràn. Ìyàwó rẹ̀ ni Ìbídùn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ń hun aṣọ òfì, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá tó. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn. Ọ̀nà oko ni ìrọbí ti mú Ìbídùn, abẹ́ igi ayùnrẹ́ ni ó bí i sí, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Abíọ́nà. Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti ń pe ọkọ ní Bàbá Abíọ́nà, tí wọ́n ń pe aya ní Ìyá Abíọ́nà, àwọn méjèèjì sì ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà lẹ́nu. Kò tíì ga ju odó lọ tí ó ti ń mú àlejò gun òkè ìlú, tí ó ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ẹ wo òkúta yẹn, ìgbà kan ló bú ọba, ni wọ́n bá lé e kúrò láàfin. Ẹ wo ihò yìí, òpùrọ́ kì í gba ibẹ̀ kọjá." Irọ́ tó dùn ni ìdajì rẹ̀, àwọn àlejò a sì máa rẹ́rìn-ín títí wọn ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí Abíọ́nà di wúńdíá, tí ó ń múra àtilọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àìsàn kan wọlé tọ̀ ọ́ bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ibà lásán ni wọ́n pè é. Ibà lásán náà ló gbé e lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àṣà wa ni pé òbí kì í mọ ojú sàréè ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà dí Ìbídùn lọ́nà, wọ́n ní kí ó jókòó sí ìyẹ̀wù. Ó já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó lọ. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì dúró létí ihò náà, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn bu erùpẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé wọn dákẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà. Ẹni tí ń jà ṣì ń sọ̀rọ̀. Bí ọkọ bá ní "Ìyá Abíọ́nà", ó dà bí ẹni pé ó fi èékánná kan ojú egbò. Bí aya bá dáhùn "Bàbá Abíọ́nà", bákan náà. Wọ́n wá ń fi ọwọ́ júwe iyọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe omi, ọdún sì ń gorí ọdún.

Ọdẹ́tọ́lá ní àbúrò kan tí ń gbé Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó wá kí wọn, tí ó rí bí ilé ti rí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ojú ẹ̀yin méjèèjì rí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ògiri yìí. Ẹ lọ najú ní Ṣikágò. Gbogbo ètò rẹ̀ ọwọ́ mi ló wà."

Ìbídùn ní, "Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀?"

Ó ní, "Ìyàwó wa, ohun tí ẹ kò rí rí ni."

Ìbídùn kò ní agbára àtijiyàn. Ó di ẹrù rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbéra, ẹ má bi mí léèrè iye ibi tí wọ́n ti sọ̀. Ẹyẹ irin ńlá kan gbé wọn mì ní Èkó, ó sì fò. Lókè òkun, wọ́n wọ igbó kan tí èmi pàápàá kò dé rí, Igbó Òwú. Gbogbo igi ibẹ̀ funfun, wọn kò ní gbòǹgbò, wọ́n ń pààrọ̀ ipò bí ẹni tí oorun kò kùn. Àwọn iwin inú rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀; ọwọ́ nìkan ni wọ́n ní, ọwọ́ náà sì gùn. Wọ́n gbá ẹyẹ irin náà mú, wọ́n ń jì í bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Èrò inú rẹ̀ ń pe Ọlọ́run ní oríṣiríṣi èdè. Ọdẹ́tọ́lá dìde, ó kó ìjálá bo àwọn iwin náà: "Èmi ọmọ apẹfọ̀n-má-bojú-wẹ̀yìn, ẹ̀yin ọlọ́wọ́ tí kò lẹ́sẹ̀, ta ló rán yín sọ́nà mi?" Obìnrin tí ń pín oúnjẹ rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga, ó fi okùn dè é níbàdí bí àgbò iléyá. Ẹ̀rín èyí ni àwọn iwin náà rín tí ọwọ́ wọn fi tú. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti pa méjì nínú wọn kí okùn náà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo òwú lọ súà lójú fèrèsé, ó ń rò ó pé kò sí ẹni tí yóò ran án.

Ní ẹnubodè, adènà kan jókòó tí ojú rẹ̀ pọ̀ bí ihò afárá oyin. Àwọn ojú kan ń wo ìwé ìrìnnà wọn, àwọn yòókù ń wo ọkàn wọn.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A wá najú ni," ni Ọdẹ́tọ́lá wí.

"Ta lẹ mọ̀ ní ìlú yìí?"

"A kò mọ ẹnikẹ́ni."

Adènà náà pa gbogbo ojú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. "Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín máa ń wí," ni ó sọ, ó sì yà fún wọn.

Ìlú ẹ̀fúùfù ni Ṣikágò. Ẹ̀fúùfù ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a fi ń fẹ́ ìyàngbò. Kò tíì kí Ọdẹ́tọ́lá káàbọ̀ tí ó ti ṣí fìlà rẹ̀, tí ó gbé e gun orí ọ̀pá iná, tí ó tún gbé e kọjá òrùlé, tí ó sì fi í ṣeré lọ sórí ọ̀sà ńlá kan tí a kò rí òdì kejì rẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá pe ọfọ̀ tí a fi ń mú ìjì, ẹ̀fúùfù náà dúró, ó gbọ́ ọ tán, ó sì tún fẹ́ gèlè Ìbídùn mọ́ ọn. Wọ́n dé àárín ìgboro, wọ́n bá àwọn ilé awòṣífìlà lórí ìlà. Ọdẹ́tọ́lá gbé orí sókè títí ọrùn fi dùn ún. Èmi bi í lẹ́yìn ìgbà náà pé, báwo ni ó ti wo ilé awòṣífìlà nígbà tí fìlà ti lọ ṣáájú?

Àpótí irin kan gbé wọn gun ọ̀kan nínú àwọn ilé náà kí wọ́n tó dá itọ́ mì. Lókè pátápátá, àwọn onílé ti kan yàrá kékeré kan mọ́ ara ògiri lóde. Díńgí ni ògiri rẹ̀, díńgí ni ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, orí afẹ́fẹ́ ló dúró sí, ọkọ̀ ìsàlẹ̀ á sì dà bí èèrà lójú rẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá tí kò sá fún ẹfọ̀n rí di òpó mú. Ìbídùn bọ́ sórí díńgí náà, ó tẹ orí ba, ó ń wo ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́.

"Ṣé ẹ̀rù kò bà ọ́ ni?"

"Bàbá Abíọ́nà, mo ti wo ihò tó jìn ju èyí lọ."



Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yà sí gbàgede kan. Ohun kan wà níbẹ̀ tó rí bí èso ẹ̀wà tí òmìrán gbàgbé sílẹ̀, ó ga ju ilé lọ, gbogbo ara rẹ̀ fàdákà, ó ń dán bí díńgí. Gbogbo ìlú ló wà lára rẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ. Àwọn arìnrìn-àjò ń wá ojú ara wọn níbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Ìbídùn rí ara rẹ̀, kékeré, ó dàgbà ju bí ó ti rò lọ. Lẹ́yìn ara rẹ̀ ó rí ọmọbìnrin kan tó dé àkẹtẹ̀ aláwọ̀ aró, tí ń kọjá lọ, tí ó ń ju ọwọ́ òsì ju ti ọ̀tún lọ. Ẹnìkan ṣoṣo ni Ìbídùn mọ̀ tí ń rìn bẹ́ẹ̀ láyé. Ó yíjú padà. Èrò ti gbé ọmọ náà mì. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ọ̀nà ibẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀lé e, ó ń bèèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

Wọ́n dé etí odò kan tó gba àárín ìlú kọjá, afárá irin kan sì dábùú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé e, afárá náà là sí méjì, apá rẹ̀ méjèèjì lọ sókè bí apá ẹni tí ń tọrọ àforíjì. Olùṣọ́ afárá yọ orí láti inú ilé kékeré kan. Ẹran ni ìdajì ara rẹ̀, ìdajì kejì irin tó ti dógùn-ún. Èdè tí ìyá oníkálukú fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni ó ń sọ sí i létí.

"Ẹ kú ìrìn, ará Ìgànná. Àlọ́ kan ni owó ibodè mi. Kí ni ó lọ tí kò kúrò, tí ó ń bọ̀ tí kò dé?"

Ọdẹ́tọ́lá ro ó. "Odò ni. Omi rẹ̀ ń lọ, odò kò kúrò."

"O mọ ìdajì. Èyí tí ń bọ̀ tí kò dé ńkọ́?"

Ìbídùn kò gbé ojú sókè. "Ọmọ tó kú ni."

Apá afárá náà balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ìyá, o mọ̀ ọ́," ni olùṣọ́ wí. "Ẹ gbọ́. Inú ọ̀sà ni odò yìí ń ṣàn sí nígbà kan. Àwọn ará ìlú fi agbára yí i padà; ẹ̀yìn ni ó ń ṣàn sí báyìí. Níbi tí odò ti lè yí padà, nǹkan mìíràn náà ń gba ibẹ̀ padà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń rí ní ìgboro yìí, koríko ti hù lórí sàréè wọn níbòmíràn. Ẹ lè wò wọ́n. Ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀ bí àlejò ti ń bá onílé sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bu erùpẹ̀ sí sàréè wọn kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí wọ́n fi sin wọ́n sí wọn létí. Bí ó bá pè é, ikú kejì dé. Ìyẹn kò sì ní ibi tí a ń sá lọ."

Ẹ̀yin ọmọdé tó wà níwájú, ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa àkúdàáyà: ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tí ó fi kú, tí ó gba ìlú òkèèrè lọ, ibi tí kò sí ojúlùmọ̀, tí ó ń lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ níbẹ̀ bí ènìyàn. Bí ẹ ṣe gbọ́ ọ nílé ni Ìbídùn náà ti gbọ́ ọ láti kékeré.

Nídìí afárá náà, ọkọ̀ ojú omi kan wà tí ń gbé àwọn arìnrìn-àjò kiri láti wo ilé. Wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n jókòó sẹ́yìn. Ohùn ni Ìbídùn kọ́kọ́ gbọ́, kí ó tó rí ẹni tó ni ín. Èdè òyìnbó ni ohùn náà ń sọ, èyí tí àwọn méjèèjì kọ́ díẹ̀ nílé ìwé:

"Ẹ wo ilé tó wà lápá òsì yín. Ẹni tó kọ́ ọ bá ẹ̀fúùfù ta ayò, ó sì jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fúùfù kì í fi í kọjá níbẹ̀ láìtẹríba."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin alákẹtẹ̀ aró náà yíjú sí wọn, gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Abíọ́nà ni. Àpá ibi tí omi gbígbóná ti ta sí i nígbà tí ó ń kọ́ ọkà rírò ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní Kílárà ni orúkọ òun, ó ní inú òun dùn láti mú gbogbo wọn rìn.

Ìbídùn kò mọ̀ pé òun ti dìde. Ọwọ́ Ọdẹ́tọ́lá ló fà á jókòó, ọwọ́ kejì ló fi bò ó lẹ́nu, ó ń sọ ọ́ sí i létí pé, "Erùpẹ̀. Rántí erùpẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà ṣe rìn lọ tí ó rìn bọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá tí wọ́n wọ̀ sí, oòrùn ṣì wà lára ògiri. Ìbídùn kò bọ́ bàtà.

"Mo fẹ́ pè é."

"O kò ní pè é."

"Ọmọ mi ni."

"Ọmọ wa ni. Ìyẹn ni o kò fi ní pè é."

Ìbídùn jókòó sílẹ̀. "Àwọn àgbà dí mi lọ́nà. Wọ́n ní òbí kì í mọ sàréè ọmọ, mo ní kí ni wọ́n mọ̀. Ká ní mo gbọ́ tiwọn ni, ǹ bá pè é lónìí, òun náà ì bá dá mi lóhùn."

"Èmi náà bù ú," ni Ọdẹ́tọ́lá wí. "Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi bù ú." "A wá najú ni. Lọ́la a ó tún wọ ọkọ̀ náà."

"Kí n máa wò ó bí ẹni ń wo ilé?"

"Wò ó bẹ́ẹ̀. Èmi náà yóò wò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, a kò gbọdọ̀ pe ara wa bí a ti ń ṣe nílé. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú tiwa."

"Kí ni n ó máa pè yín? Èmi ni n ó máa dárúkọ yín?"

"Pè mí ní Ọdẹ, bí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń pè mí. Èmi yóò máa pè ọ́ ní Ìbídùn."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà ni kò ti pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìbídùn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń pe ẹlòmíràn.

Wọn kò wo ilé kankan mọ́. Ojoojúmọ́, ìdí afárá ni. Wọn a ra búrẹ́dì, wọn a jẹ ẹ́ létí omi, wọn a sì wọ ọkọ̀ náà. Ohun tí Ìbídùn rí, kò sí nínú ìwé àwọn afinimọ̀nà. Ó rí i pé ọmọ òun ti sanra díẹ̀. Ó rí i pé ó ń wọ bàtà tó nípọn, òtútù ilẹ̀ náà kò lè rí i gbéṣe. Ó rí i pé ó ń bá awakọ̀ ṣàwàdà, pé bí arúgbó kan bá ń bọ́ sílẹ̀, ó máa ń di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Ọkùnrin gíga kan máa ń dúró dè é ní èbúté pẹ̀lú ife tíì, Kílárà a sì máa fi orí ti èjìká rẹ̀ kí ó tó gbà á mu. A máa ń wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àjò ti dùn mọ́ ọmọ yìí, kò sì ní ilé tí yóò re.

Ó di ọjọ́ tí wọn yóò kúrò ní ìlú náà. Ọkọ̀ padà dé èbúté, àwọn èrò yòókù bọ́ sílẹ̀, Kílárà sì wá jókòó sórí àga tó kọjú sí wọn. Ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀.

"Gbogbo àlejò ló ń wo ilé," ni ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì, èmi lẹ máa ń wò."

"Ẹnu rẹ ló dùn," ni Ìbídùn wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ní ọmọ?"

"A ní ẹyọ kan. Ó rìnrìn-àjò."

"Ṣé ó máa ń wá kí yín?"

"Rárá. Ibi tí ó wà jìnnà."

"Ṣé inú rẹ̀ dùn níbẹ̀?"

Ìbídùn wò ó. "Ohun tí a wá wò nìyẹn."

Kílárà ń yí àkẹtẹ̀ náà po lọ́wọ́. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn tí ó fi ń mú àlejò rìn. "Èmi kò rántí ìyá, èmi kò rántí bàbá. Ọjọ́ tí mo dé ìlú yìí ni mo mọ̀. Erùpẹ̀ pupa wà ní abẹ́ èékánná mi, kò sì sí irú rẹ̀ níhìn-ín. Mo máa ń lá àlá pé ẹnìkan dúró lórí òkè kan, ó ń pè mí. Mo máa ń rí ẹnu rẹ̀ tí ó ń mì, n kì í gbọ́ orúkọ náà. Ìyá, ojú yín yìí, bí ẹni pé mo ti rí i rí. Ẹ dákun, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti dúró níwájú ẹfọ̀n tó gbọgbẹ́ tí ètù ti tán nínú ìbọn mi. Mo ti bọ́ sínú kànga lọ bá ejò nítorí ewúrẹ́ aládùúgbò. Bí wọ́n bá bi èmi ní irú ìbéèrè yẹn, wárápá ni ì bá gbé mi.

Orúkọ náà gbéra láti inú Ìbídùn lọ́hùn-ún, níbi tí ó ti gbé ọmọ náà sí kí ó tó bí i. Ó gun àyà rẹ̀, ó gun ọ̀fun rẹ̀, ó dúró lórí ahọ́n. Ẹyin ni ohùn. Bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Ó fi eyín dí i. Ó ń gbé e mì, ó ń padà wá, ó tún ń gbé e mì. Gbogbo agbára rẹ̀ lọ sórí ẹnu tirẹ̀, kò rántí ẹnu ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá tó ti ń di ẹnu ìyàwó rẹ̀ mú láti ọjọ́ kìíní, ọkùnrin tó fi òfin náà lélẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi, ètè rẹ̀ ṣí.

"Abí..."

Bí ìdajì orúkọ náà ti bọ́, ọwọ́ ọmọ náà tó wà lórí àkẹtẹ̀ di èéfín. Ìbídùn rí ojú omi gba inú rẹ̀ kọjá. Èjìká rẹ̀ tẹ̀lé e, ó ń ṣí lọ bí ọyẹ́ tí oòrùn bá.

"Àbí òjò ń bọ̀ ni?" ni Ìbídùn já a gbà mọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ó gbé ojú sókè sí òfuurufú, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó tún fi èdè òyìnbó sọ ọ́ fún ọmọ náà pé, "Ọkọ mi ń bi mí bóyá òjò ń bọ̀ ni. Àwọsánmà ló ń wò."

Kílárà náà wo òkè. Èéfín náà dúró. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ padà di ọwọ́, èjìká padà di èjìká.

"Ní ti ohun tí o béèrè," ni Ìbídùn wí, "rárá, ọmọ mi. A kò mọ̀ ọ́. A kò rí ọ rí kí a tó dé ìlú yìí."

Ọ̀rọ̀ "ọmọ mi" yẹn nìkan ni òfin kò kà léèwọ̀ fún un, nítorí gbogbo àgbà ló ń pe ọmọdé bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà wò wọ́n. Ìdajì orúkọ tó bọ́ yẹn kò lọ lófo. Ó ti fa nǹkan kan tu. Ìmọ̀lára pé òun ti rí wọn rí kúrò lójú rẹ̀ bí ìgbà tí ẹnìkan gbé fìtílà kúrò nínú yàrá. Ó dìde, ó dé àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí wọn bí ó ti ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn.

"Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa wọ ọkọ̀. Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ yín ní ìlú wa nìyí? Ẹ kú ìgbádùn o."

Ó bọ́ sí èbúté. Ọkùnrin gíga náà na ife tíì sí i. Ó fi orí ti èjìká rẹ̀, wọ́n sì jọ gun àtẹ̀gùn lọ, ó ń ju ọwọ́ òsì ju ti ọ̀tún lọ, títí ilé fi bò wọ́n.

Ìbídùn ló fa ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá jókòó sílẹ̀ nídìí afárá, ó sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Ó ní, "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á." Ìbídùn ní, "Ẹ kò pa á. Ẹ dìde, Ọdẹ." Olùṣọ́ afárá kọ ẹ̀yìn sí wọn kí ojú má baà tì wọ́n.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ìgànná, àwọn ènìyàn kún ilé. "Ìyá Abíọ́nà, ẹ káàbọ̀. Bàbá Abíọ́nà, kí lẹ rí lọ́hùn-ún?" Ọdẹ́tọ́lá sọ fún wọn nípa Igbó Òwú, ó sọ nípa ilé awòṣífìlà, ó ní òun àti ẹ̀fúùfù jìjàkadì, òun sì dá a lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rí, ẹnu dákẹ́. Bí wọ́n bá lọ tán, Ìbídùn a jókòó sídìí òfì rẹ̀, ọkọ rẹ̀ a fà mọ́ ọn.

"Ṣé o rí bàtà rẹ̀?"

"Mo rí i. Bàtà gidi ni."

"Ọkùnrin yẹn, ó jọ ẹni tó ní sùúrù."

"Ó ní sùúrù. Ṣé ẹ kò rí i pé ó ń fẹ́ tíì náà kó tó gbé e fún un?"

"N kò rí ìyẹn."

"Ó ń fẹ́ ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni ilé tó ti dákẹ́ tún ń sọ̀rọ̀. Wọ́n pín ohun tí wọ́n rí láàárín ara wọn, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì tán, títí ọyẹ́ kan fi dé tí ó mú Ọdẹ́tọ́lá lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ẹlòmíràn láyé tó bá Ìbídùn rí i.

Èmi ni mo máa ń lọ kí i, nítorí ọ̀rẹ́ mi tó lọ. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí, bí ó ti ń hun aṣọ, tí kò wojú mi. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kí ó má jẹ́ kí irọ́ tí ó pa fún ọmọ náà máa dùn ún, pé ìyá mìíràn ì bá má lè pa á.

Ó dá ọwọ́ dúró lórí òfì.

"Àgbà ọdẹ," ni ó wí, "kì í ṣe irọ́ tí mo pa ló ń dùn mí. Ó gbà mí gbọ́. Ìyẹn ni."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń bá a ṣa òwú tó já sílẹ̀, èmi tí mo bá iwin olórí mẹ́ta yá iná.

Ibi tí mo lè bá a dé nìyí. Ẹ dìde, ẹ gbọn eruku aṣọ yín, ẹ máa relé. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé, bí ó bá ti wọlé, kí ó pè é lórúkọ, kí ó sì dúró títí yóò fi jẹ́.